Ikú Inú Ọpọ́n Ewúrẹ́

Òbúkọ ńlá ni mo kọ́kọ́ rí. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó la ẹnu sílẹ̀, eṣinṣin ti gba ojú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí àwọn yòókù, ni èmi tí wọ́n máa ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi bá dákẹ́. Ìdajì agbo Lokitare ló sùn gbalaja nínú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Inú wọn wú, ìgbẹ́ olómi sì ti ba ìdí wọn jẹ́. Nílẹ̀ àwa darandaran Pokot níbí, ẹni tó bá pa ewúrẹ́ ẹni ti pa wàrà ọmọ ẹni, ó sì ti pa ìyàwó tí ọmọ ẹni ìbá fẹ́. 

"Kọ́púrà Limakou," ọ̀gá mi pè mí láti ìdí ọpọ́n ìjẹun, "ṣé iṣẹ́ lò ń ṣe níbẹ̀ ni àbí ò ń ṣọ̀fọ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Jẹ́ kó máa bà ọ́. Ṣáà máa wo ibi tí ò ń fẹsẹ̀ tẹ̀."

Bí Inspẹ́kítọ̀ Chepurai ṣe rí nìyẹn. Obìnrin ni, ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni pé owó ló fi ń rà á. Láti Kapenguria, ìlú ńlá àgbègbè wa, ni wọ́n ti rán an wá kíákíá, torí pé bí ọ̀rọ̀ ẹran bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ọlọ́pàá kò bá tètè dé, ọ̀kọ̀ ni yóò dé.

Àṣé ariwo kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lokitare fúnra rẹ̀ ló já wọlé, ó ń fa ìyàwó rẹ̀ kékeré lọ́wọ́ bí ẹni fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò rìn. Chenangat lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ọmọkùnrin rẹ̀, tí kò tíì ju ẹni tó ń rìn tàgé tàgé lọ, rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ń ké.

"Òun nìyí! Òun ló po oúnjẹ wọn lánàá! Òun ló gbé e fún wọn! Ọlọ́pàá, kí lẹ tún ń wá?"

"Mo pò ó bí mo ṣe máa ń pò ó," Chenangat wí.

Chepotipin, ìyálé rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo ti sọ fún un! Mo ní, ìyàwó, ewúrẹ́ ti ń jẹ ewé kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá wọn po eérú mọ́ ọn. Ọlọ́gbọ́n ilé kò gbọ́!"

Bàbá Todosia, tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó ní bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, àwọn àgbà yóò jókòó ní kokwo, ìpàdé ìdájọ́ wa, lábẹ́ igi. Bí ọlọ́pàá kò bá rí nǹkan sọ nígbà náà, Chenangat yóò padà sílé bàbá rẹ̀ lónìí.

"Ọmọ ńkọ́?" ọ̀gá mi bi í.

"Màlúù la fi fẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ ilé yìí ni. Chepotipin ni yóò máa tọ́ ọ."

Mo rí i bí Chenangat ṣe gbá ọmọ náà mọ́ra. Inú mi bà jẹ́, ṣùgbọ́n lóòótọ́, èmi náà rò pé òun ló ṣe é.

*

Abẹ́ òjìji àká ni ọ̀gá mi ti bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ni ìdí tí o fi ń po eérú mọ́ ewé?"

"Ìyá, ẹ fi ewé igi ẹlẹ́gùn-ún kan ẹnu wò. Ó ń fa ahọ́n, bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò gbó. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, òun nìkan ló kù fún wọn. Oje tó ń fa ahọ́n yẹn máa ń so oúnjẹ mọ́ra nínú ikùn ewúrẹ́, kò ní jẹ́ kí ara rí iyọ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n á yó, wọ́n á sì máa rù. Àwọn tiwa ti ń họ egungun òkú màlúù jẹ, wọ́n ń lá ògiri ilé. Irun dúdú wọn di pákápàká, ọmọ tí wọ́n bí ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀."

"Ta ló kọ́ ọ ní ti eérú?"

"Obìnrin kan tó wá láti ọ́fíìsì ẹran ọ̀sìn. Ó kọ́ gbogbo wa, èmi nìkan ni mo gbọ́. A ó rẹ ewé náà sínú omi eérú, a ó sá a. Eérú á pa agbára oje yẹn, iyọ̀ inú eérú náà á sì wọ inú egungun wọn."

"Ó ṣiṣẹ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú rẹ̀ tàn. "Ìyá, irun wọn ń dán! Ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré lọ́jọ́ tí wọ́n bí i! Ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

Ọ̀gá mi wo ọgbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá. Àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ rù, irun wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dún. "Ta ló ni àwọn yẹn?"

"Ìyálé mi ni. Kò jẹ́ kí n fún tirẹ̀ ní ewé eléérú rí."

Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀gá mi létí. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ yẹn? Ti ìyálé wà láàyè, ti àwọn yòókù kú. Owú orogún nìyí o!"

"Tàbí pé ti ìyálé kò jẹun nínú ọpọ́n," ó dáhùn. "Má tíì fi orogún ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Ibo ni ewé ti wá?"

"Lórí igi Ptoyo, aládùúgbò wa," Chenangat wí, ó wolẹ̀. "Ó nà mí nítorí rẹ̀ nígbà kan."

Ni mo bá fa ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

*

Ptoyo kò dìde nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí kékeré tí ọkùnrin ilẹ̀ wa máa ń gbé káàkiri, ó wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Limakou, ìgbà wo lo rí irin yẹn gbà? Mo rò pé abọ́ oúnjẹ nìkan ni ìjọba fún ọ."

"Dáhùn, má dápàárá! O na ọmọbìnrin yẹn."

"Mo fi ọ̀pá gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó gun igi bàbá mi láìtọrọ. Igi ní ẹni tó ni ín níbí, ṣé o kò mọ̀ ni?"

"O sì wá da májèlé sórí igi."

"Sórí igi wo?" Ó fi àgbọ̀n júwe. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró yí igi náà ká, wọ́n ń fa ewé já. "Ìyẹn tí àwọn tèmi ń jẹ láti ìdájí yìí? Mo lè na èèyàn o, n kò lè na igi mi."

Kí n tó lanu, ọ̀gá mi ti já ewé kan, ó ti jù ú sẹ́nu. Mo ké. Ó jẹ ẹ́ ní àjẹkúnná, ó yí ojú padà nítorí bó ṣe ń fa ahọ́n, ó sì gbé e mì.

"Ewé kọ́," ó wí. "Ti irin yẹn bọ àpò, Kọ́púrà."

*

Ilé Chepotipin la padà sí. Bí obìnrin náà tilẹ̀ ń bínú, ó bu wàrà fún wa, torí pé ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ lọ lófìfo. Wàrà eléérú ni, irú èyí tí a ń dì sínú akèrègbè títí yóò fi kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyàwó mi lọ, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí àwọ̀ eérú yẹn lójú wàrà, tí mo rántí òbúkọ tó la ẹnu sílẹ̀, mo rọra gbé ife náà kalẹ̀.

"Kí ló dé?" Chepotipin bi mí.

"Ìyá, ẹ má bínú. Eérú ni mo ń wò."

"Hẹ̀ẹ́n! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí! Eérú igi cromwo tí gbogbo wa fi ń ṣe wàrà ni, ọ̀lẹ! Mo fún ọ lóúnjẹ, ò ń wò mí bí àjẹ́? Obìnrin Pokot wo ló máa fi eérú igi tí kò mọ̀ sínú wàrà? Kódà wèrè kò jẹ́ dán an wò!"

Ife ọ̀gá mi dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyálé, ẹ ní ẹ kì í fi eérú igi tí ẹ kò mọ̀ sínú wàrà."

"Láéláé!"

"Sínú oúnjẹ ewúrẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀gá mi ti yíjú sí Chenangat tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, eérú igi wo lo fi po oúnjẹ àná?"

"Tèmi ti tán nílé ìdáná, Ìyá. Mo lọ kó o níbi iná ijó, níbi tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ àbúrò ọkọ mi. Ó pọ̀ níbẹ̀, ó sì kúnná." Ó gbójú sókè, ẹ̀rù ti ń wọ ojú rẹ̀. "Ti ewúrẹ́ ṣáà ni. Ta ló máa ń béèrè igi rẹ̀?"

Eérú tí à ń mu látìgbà tí wọ́n ti bí wa!

*

Nígbà tí a dé ibi iná ijó, létí odò tó ti gbẹ, eérú kankan kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Wọ́n ti gbá a," mo wí. "Obìnrin kan ti wá gbá a."

Ọ̀gá mi lóṣòó. "Wo ibí dáadáa. Obìnrin máa ń gbálẹ̀ kó máa fà sẹ́yìn, kó má baà tẹ ibi tó ti gbá. Ẹni yìí ń gbá, ó sì ń tẹ ojú ibi tó gbá mọ́lẹ̀. Kò gbálẹ̀ rí láyé rẹ̀."

Ọkùnrin! Ọkùnrin Pokot, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́! Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n rí i. Mo ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá mi fi igi tú iyanrìn odò, tó sì fa kùkùté igi kan tí kò jóná tán jáde. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ́. Inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró.

"Igi wo nílẹ̀ yín ló tọ́ gbọọrọ báyìí, Kọ́púrà?"

"Kò sí, Ọ̀gá. Tiwa wọ́ ni gbogbo rẹ̀." Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí. "Òpó iná mànàmáná! Èyí tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà fún ilé ìwòsàn, tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀!"

Ó gun òkè lọ wá ibi tí fóònù ti ń mú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ẹni tó kó òpó náà wá ní oògùn ikán ni wọ́n fi rẹ wọ́n. Olóró ni. Bí wọ́n bá jó o, oró náà kì í bá èéfín lọ tán, inú eérú ló máa ń jókòó sí. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó láti pa màlúù. Ó ní òun kìlọ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ, kò rántí èwo."

"Àwọn méjì ni, wọ́n ń gbà á ṣe fún ara wọn. Lokitare àti Ptoyo."

"Ìwọ náà wá síbi ijó yẹn?"

"Mo wá, wọ́n sì fìyà jẹ mí. Iná ńlá ń jó, mo ní kí n yan egungun ìhà mi lórí rẹ̀, ẹnìkan já a gbà lọ́wọ́ mi láti ẹ̀yìn, ó jù ú nù! Egungun tó lọ́ràá báyìí! Iná kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yan ẹran sí. Mo wẹ̀yìn, èrò pọ̀, n kò mọ ẹni tó ṣe é."

"Limakou, ẹni náà gba ẹ̀mí rẹ là. Ó mọ ohun tó wà nínú iná yẹn." Ọ̀gá mi dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. "Ó mọ̀ ọ́n nígbà náà, ó sì mọ̀ ọ́n lónìí, ó wá jókòó, ó ń wò bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Lọ họ eérú tó ṣẹ́kù nínú ọpọ́n ewúrẹ́ wá fún mi. Má fi ọwọ́ lásán kàn án."

Mo họ ọ́. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ lọ wá aṣọ bò ó, ó sì wọ ilé Chepotipin.

*

Àwọn àgbà ti jókòó ní kokwo. Àwọn obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Chepotipin gbé ọmọ Chenangat lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá mi gbé abọ́ náà sí àárín.

"Ẹ̀yin bàbá, eérú ọpọ́n ewúrẹ́ nìyí. Wọ́n ní nínú oúnjẹ yẹn ni ikú wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kó fi ahọ́n kàn án, kó búra. N ó máa pè yín."

Ọkàn mi fò. "Ọ̀gá!" Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà rẹ̀ sì le.

"Chenangat."

Ọmọbìnrin náà kò dúró rò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ eérú, ó lá a. Ó tún bù ú, ó lá a lẹ́ẹ̀kejì kí gbogbo wọn lè rí i. "Bí mo bá mọ nǹkan kan nípa ikú wọn, kí n má rí ọ̀la." Mo wo Ptoyo, ó ń ta eyín. Mo wo Lokitare, ojú rẹ̀ wà ní ọ̀nà ọ̀fun ìyàwó rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

"Ptoyo."

"Eérú lásán? Èyí tí mo ń mu látorí ọmú?" Ó bù ú, ó lá a, ó pọ́n ètè lá. "Kò tilẹ̀ ní iyọ̀ tó." Lokitare wo òun náà, kò sọ nǹkan kan. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òjìji la wà.

"Ìyálé Chepotipin."

Chepotipin gbé ọmọ kalẹ̀, ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ ti dé ẹnu.

"Má lá a!"

Lokitare ló ké. Ó ti fò dìde, ó fi ẹsẹ̀ gbá abọ́ náà, eérú fọ́n ká, ó di ọwọ́ Chepotipin mú, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nu ìka rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Tutọ́! Tutọ́ dànù! Ṣé ó ti kan ahọ́n rẹ?"



"Kí ló wà nínú rẹ̀, Lokitare?" ọ̀gá mi bi í, jẹ́jẹ́.

Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tó ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Òpó yẹn... wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jó o. Igi ò tó fún ijó àbúrò mi, ojú ń tì mí. Bí ewúrẹ́ ṣe kú, mo mọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ìwọ lo gbálẹ̀?"

"Èmi ni."

Ariwo ta! Ptoyo ti ki ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń pòkàkà láti bì. "Mo kú o! Ọlọ́dẹ ẹgbẹ́ mi pa mí o!"

"Jókòó, o kò ní kú," ọ̀gá mi wí. "Eérú ilé ìdáná Chepotipin ni mo bù sínú abọ́ náà. Ti ọpọ́n wà lọ́wọ́ mi, mo ti dì í."

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi wí. Nígbà tí mo rí okun, mo dìde, mo fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Lokitare. Kò jà.

Bàbá Todosia wú ikọ́. Ó ní Chenangat kò jẹ̀bi, bí ó bá fẹ́, ó lè dúró nílé ọkọ rẹ̀; bí ó bá sì fẹ́, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ, màlúù ṣáà ni a..."

"Màlúù wo?" Chepotipin ti gbé ọmọ náà nílẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń bínú, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó sì fi aṣọ ọ̀já tirẹ̀ dì í. "Ìyàwó mi, gba ọmọ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ, kó kọ́kọ́ wá bá mi nílé."

Bàbá Todosia wo ilẹ̀.

Chenangat kò sunkún. Ó tọ ọ̀gá mi wá bí mo ṣe ń mú ọkọ rẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀.

"Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé eérú ìyálé mi ni mo lá?"

"Lóòótọ́ ni, ọmọ mi. Kò sí ohun tó máa ṣe ọ́."

Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so. Ó gbójú sókè wo Lokitare.

"Òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń lá a," ó wí.